Ìyàngbò Tuntun Nínú Irùngbọ̀n Òkú

Bàtà ẹyọ kan ló wà lẹ́sẹ̀ òkú náà. Ẹsẹ̀ kejì wà lásán, eruku sì bo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Aṣọ àwọ̀lékè darandaran ni wọ́n fi bo ìyókù ara rẹ̀, níbi tí ó nà sí nínú oko tí wọ́n fi sílẹ̀ kó sinmi, láàárín Háṣúmù tí í ṣe abúlé wa àti Bẹti-Kárà tí í ṣe ti àwọn aládùúgbò wa.

Élíásáfù ọkọ mi kúnlẹ̀ tì í. Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà tó ń dá ẹjọ́ lẹ́nubodè wa ni. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú nígbà náà, kò rí ohun tó jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ àti imú rẹ̀ kì í gbàgbé nǹkan. Bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá sọnù, bí ẹnìkan bá sún òkúta ààlà oko, òun ni wọ́n máa ń wá pè. Èmi ni mo máa ń mú un lọ́wọ́, tí mo sì ń bá a ríran.

"Ìyá Sákúrì, ta ni?"

Mo ká aṣọ kúrò lójú òkú náà. "Bàbá Sákúrì, Pẹ̀dáyà ni. Wòlíì ni."

Kò sí ẹni tí kò mọ Pẹ̀dáyà ní gbogbo òkè yẹn. Láti abúlé dé abúlé ló ń rìn, tó ń sọ ohun tí àwa yòókù ń gbé mì. Ó ní ọba yìí tún àwọn ojúbọ tí bàbá rẹ̀ wó palẹ̀ kọ́, ó ń kó ọmọ ọlọ́mọ sínú iná ní àfonífojì Hínómù, ìbínú Ọlọ́run sì ti dìde kúrò ní ìjókòó. Gbogbo ìgbà òtútù ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba fi wá a tí wọn kò rí i. Wọ́n ti rí i báyìí.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ni Régémù wí lẹ́yìn wa. Òun ni ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ tó dó sí àgbègbè wa, àjèjì láti etí òkun, tí ọba gbà síṣẹ́. "Ẹni tó pa á ti wà lọ́wọ́ wa. Aṣọ ta lẹ rí lára òkú yẹn?"

Gbogbo wa la mọ aṣọ náà. Èmi fúnra mi ni mo lẹ ibi tó ya lápá rẹ̀. Ti Hélésì ni, ọmọ tí àbúrò mi obìnrin bí kó tó kú. Wọ́n ti dè é mọ́ òpó ẹnubodè, Tírísà ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀.

"Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀yin àgbààgbà ni yóò sọ ọ́ lókùúta," ni Régémù wí. "Ọwọ́ yín ni, òfin yín ni. Èmi kàn máa dúró wò ni."

"Òfin wa ní kí ẹlẹ́rìí jẹ́ méjì," ni ọkọ mi dáhùn, kò gbójú sókè.

"Èmi ni ìkíní. Ọ̀kọ̀ mi yìí ni ìkejì."

Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò gbọ́ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ń rìn lójú òkú náà, ó kan ojú ọgbẹ́ tó là lọ́rùn rẹ̀, ó gòkè wá sí irùngbọ̀n. Níbẹ̀ ni ìka rẹ̀ dúró. Ó yọ nǹkan kékeré kan jáde lábẹ́ àgbọ̀n, ó gbé e súnmọ́ imú, ó sì so ó mọ́ etí àmùrè rẹ̀.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ fún mi ní àyè títí oòrùn yóò fi wọ̀. Bí mi ò bá rí nǹkan kan, èmi ni màá gbé òkúta àkọ́kọ́."

"Bàálé mi! Kí lẹ sọ yẹn?"

Ó tẹ ọwọ́ mi mọ́lẹ̀ pé kí n dákẹ́.

Régémù yán bí ẹni tí oorun ń kùn. "Ẹ̀yin arúgbó fẹ́ràn àròyé. Ẹ lọ máa rò."

*

Ọwọ́ Hélésì ti wú nínú okùn. Ó rí mi, ó ní, "Ìyá mi, mi ò ṣe é o."

"Má sọ ohun tí o kò ṣe fún wa," ni ọkọ mi wí. "Sọ ohun tí o ṣe. Má fi nǹkan kan kún un."

"Bàbá, mo ń da àgùntàn lọ sódò láàárọ̀. Àwọn igún ni mo kọ́kọ́ rí, wọ́n ń rà bàbà lókè. Mo yà wò ó. Wòlíì ni, ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Mi ò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ẹyẹ. Mo bọ́ aṣọ mi, mo fi bò ó, mo sì sáré ń bọ̀ wá ké sí yín."

"Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ wo? Ilẹ̀ gbẹ, Bàbá. Ọrùn rẹ̀ là gbọọrọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ fúrúfúrú."

"Ta lo bá pàdé?"

"Àwọn ẹ̀ṣọ́ yìí. Mi ò tíì dé ẹnubodè tí wọ́n fi rọ̀gbà yí mi ká. Wọ́n ní, 'Ìwọ lo pa wòlíì.' Bàbá, ẹ gbọ́ o, mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé ènìyàn kú!"

Ọkọ mi súnmọ́ ọn. "Má tún sọ ìyẹn sókè mọ́ lónìí," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Ṣé o gbọ́? Ìyẹn nìkan lè pa ọ́ kí oòrùn tó wọ̀."

Tírísà di etí aṣọ rẹ̀ mú. "Bàbá, ọmọ inú mi yìí, ta ni yóò sọ ọ́ lórúkọ?"

"Lọ jókòó níbi òjìji, ọmọ mi," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

*

Abẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìn ilé wa ló ti tú kókó àmùrè rẹ̀. "Gbé ọwọ́ wá. Kí ni?"

"Ìyàngbò báálì."

"Ti èṣí ni àbí tuntun?"

Mo fi ìka méjì ra á. Ti èṣí ìbá ti di ìyẹ̀fun. Èyí rọ̀, àwọ̀ ewé díẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, oje rẹ̀ ṣì ń rùn. Mo wo ojú ọkọ mi, mo ní, "Tuntun ni."

Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi. Báálì ti pọ́n lóko nígbà náà, ó dúró bí wúrà, ṣùgbọ́n gbogbo dòjé ṣì fi ara kọ́ ògiri. Lọ́dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í pa ọkà tuntun, kì í sì í fi hóró rẹ̀ kan ẹnu, títí àlùfáà yóò fi fì ìtí ọkà àkọ́so níwájú Ọlọ́run ní Jerúsálẹ́mù. Ọjọ́ náà kò tíì pé. Òtítọ́ ni pé ọba ti gbé òrìṣà kalẹ̀ sí àgbàlá ilé Ọlọ́run yẹn gan-an. Òtítọ́ ni pé ebi ń pa wá lọ́dún yẹn, tí àwọn ọmọdé ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkà tó ti gbó. Síbẹ̀ a dúró de ìtí náà. Nínú gbogbo ohun tí a ti ní rí, òun nìkan ló kù tí ọba kò tíì gbà lọ́wọ́ wa.

"Ẹnìkan ti pa ọkà," ni ọkọ mi wí. "Ilẹ̀ ìpakà rẹ̀ ni Pẹ̀dáyà dojú bolẹ̀ sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ́ ọ lọ sí oko ìsinmi."

"Bí ó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ló gbé e wá ńkọ́?"

"Afẹ́fẹ́ a máa gbé e sórí irun. Èyí wà ní gbòǹgbò irùngbọ̀n lábẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn ni ìyàngbò náà wà."

"A jẹ́ pé Bẹti-Kárà ni," ni mo wí. "Àwọn tó ń sun tùràrí sí oòrùn lórí òrùlé, ṣé àwọn ni yóò dúró de ìtí kan?"

Ó rò ó wò, ó na ọwọ́ sí mi pé kí n fa òun dìde. "Jẹ́ ká lọ gbọ́ òórùn wọn."

*

Nóbáì, àgbà Bẹti-Kárà, ti rí wa lókèèrè. Ọkùnrin gbígbẹ kan ni, ẹnu rẹ̀ nìkan ló sanra.

"Élíásáfù! Wọ́n ní ẹ pa wòlíì, ẹ sì gbé òkú rẹ̀ tì sẹ́nu ọ̀nà wa. Ṣé ẹ wá gbà á padà ni?"

"Ilẹ̀ ìpakà yín ni mo wá wò."

"Ìwọ? Wò ó? Ojú wo lo fẹ́ fi wò ó?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì mú wa lọ. Ẹ̀gún ni wọ́n kó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ kún inú rẹ̀, èèrà ti kọ́lé sáàárín. Ó fà wá dé ojú oko wọn lórí òkè, ó fi ṣírí báálì kan sí ọkọ mi lọ́wọ́. Tútù ni, kò tíì ní ọmọ nínú.

"Ọ̀rẹ́, mi ò ní purọ́ fún ọ," ni Nóbáì wí. "À ń tẹríba fún oòrùn. Àṣẹ ọba ni, ọrùn wa sì ń dùn wá. Ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀hún náà kò tíì mú ọkà wa gbó. Bí mo bá ní hóró báálì tuntun kan, ṣé ikùn mi yóò lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn báyìí?"

Ojú tì mí. Ọkọ mi kò bá mi wí. Ó kàn béèrè lọ́wọ́ Nóbáì bóyá àwọn ẹ̀ṣọ́ ọba gba ibẹ̀ kọjá.

"Àná. Wọ́n ní ká fún àwọn lóúnjẹ. Ìyàwó mi gbé búrẹ́dì tó fi ìyẹ̀fun ìdí ìkòkò ṣe fún wọn, wọ́n tu ú dà sílẹ̀. Wọ́n ní bí eérú ló rí, pé ibi tí àwọn ń sùn, búrẹ́dì dídùn ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn."

Ẹsẹ̀ ọkọ mi dúró. "Ilé ta ni wọ́n ń sùn?"

Nóbáì kò mọ̀. Èmi mọ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, nítorí ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, wọ́n jọ da ewúrẹ́ láti kékeré.

"Ilé Ánúbù," ni mo wí.

*

Ilé tó dára ni ilé Ánúbù, pẹ̀lú ọgbà àjàrà àti ògiri òkúta tó ga lẹ́yìn. Àgbà ẹnubodè Háṣúmù bíi ọkọ mi ni. Ó jáde wá pàdé wa, ó gbá ọkọ mi mọ́ra, ó ní kí a wọlé. Ìyàwó rẹ̀ kí mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

A jókòó. Ánúbù sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ó sọ̀rọ̀ nípa abo ẹgbọrọ màlúù rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà. Kò sọ nǹkan kan nípa òkú.

Àlejò kì í jókòó nílé ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ wa kó dìde láìfi nǹkan kan ẹnu, àgàgà àgbà. Mo rí i bí ìyàwó rẹ̀ ṣe dúró pẹ́ níwájú ààrò. Ó ṣí ìkòkò, ó dé e. Ó wo ọkọ rẹ̀. Níkẹyìn ó gbé búrẹ́dì àti èso ólífì síwájú wa.

Ní àsìkò tí à ń wí yìí, búrẹ́dì gbogbo ilé dọ́gba. Ọkà èṣí ìdí ìkòkò ni, ó korò, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, eèrí ni ìdajì rẹ̀. Ọkọ mi mú ti Ánúbù, ó bù ú sí méjì. Kó tó gbé e dé imú, òórùn rẹ̀ ti kàn mí nímú. Ó dùn débi pé itọ́ kún ẹnu mi.

Ó rọra gbé e padà sínú àwo.

"Jẹun, ọ̀rẹ́ mi," ni Ánúbù wí.

"Àkókò rẹ̀ kò tíì tó, Ánúbù."

Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi aṣọ bojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún láìmú ohùn jáde.

"Bàtà rẹ̀ kejì ńkọ́?" ni ọkọ mi béèrè.

"Mo sun ún níná." Ohùn Ánúbù ti di ti ẹlòmíì. "Ó bọ́ nígbà tí mo gbé e sórí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo ti gbé òkú náà sí oko ìsinmi tán kí n tó rí i pé ó bọ́. Élíásáfù, èmi kọ́ ni mo gbé idà."

"Mo mọ̀. Ta ló pè é wá síbí?"

Ánúbù ti àwo búrẹ́dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Gbogbo ìgbà òtútù ni wọ́n fi wá a. Inú ihò àpáta ló ń sùn. Ẹnìkan tó fọkàn tán ló pè é sọ̀kalẹ̀. Ta ni, Ánúbù?"

"Ṣẹ́mà!" ni Ánúbù ké. "Ṣẹ́mà ni! Ṣé o ti gbàgbé Ṣẹ́mà?"

A kò gbàgbé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Àwọn ènìyàn ọba ti wá mú un lọ sí Jerúsálẹ́mù ṣáájú àjọ Ìrékọjá, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ń kó jọ fún iná Hínómù.

"Régémù wá bá mi," ni Ánúbù wí. "Ó ní, 'Wòlíì yẹn máa ń jẹun nílé rẹ. Gbé e fún mi, màá gbé ọmọ yẹn fún ọ.' Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Ṣe ni wọ́n dó tì mí, wọ́n ń jẹ oúnjẹ mi. Ìkòkò gbẹ. Wọ́n ní kí n gé báálì tó wà lẹ́yìn ògiri. Mo gé e. Mo pa ọkà náà. Mo ránṣẹ́ sí Pẹ̀dáyà pé kó wá jẹun."

"Ó wá?"

"Ebi ń pa á, kí ló dé tí kò ní wá? Ó dé orí ilẹ̀ ìpakà, ó rí ìyàngbò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dúró. Ó ní, 'Ánúbù, o ti pa ọkà? O kò dúró de Ọlọ́run?' Mo ní kó jọ̀ọ́ kó kọ́kọ́ jẹun. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní ilẹ̀ yìí ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, nígbà tí yóò bá sì bì í, kò ní ya ọba sọ́tọ̀ kúrò lára àwa tí a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Régémù jáde lẹ́yìn ògiri." Ó nu imú. "Ó wo mí, Élíásáfù. Kò wo idà. Èmi ló ń wò."

"Hélésì ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni òun náà."

"Régémù ní bí ọ̀rọ̀ bá ti parí ni òun yóò mú Ṣẹ́mà wá. Bí a bá ti sọ Hélésì lókùúta." Ó di ọwọ́ ọkọ mi mú. "Sọ fún mi, ká ní Sákúrì rẹ ni. Ìwọ ńkọ́? Kí lò bá ṣe?"

Ọkọ mi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí mi pé kí n fa òun dìde.

*

A rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnubodè kó tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá Sákúrì, mo mọ ẹni tó pa á, mo mọ ibi tó pa á sí, mo mọ ẹni tó ràn án lọ́wọ́. Kò wúlò fún mi."

"Ẹ lọ sọ ọ́ níwájú gbogbo ènìyàn!"

"Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo ní, ìyẹn náà yóò sì sẹ́ nítorí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ká ní ó jẹ́wọ́, ta ni yóò dá ẹjọ́ náà? Régémù ló pa á. Ọba ló rán Régémù. Ta ló wà lókè ọba tí màá gbé e lọ bá? Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n á ti sun abúlé yìí."

"Ọlọ́run ńkọ́, bàálé mi?"

"Ọlọ́run ti gbọ́ ṣáájú wa," ó wí. "Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Oòrùn ti fẹ́ kan orí òkè. Wọ́n ti kó òkúta jọ síwájú Hélésì. Tírísà kò sunkún mọ́, ó kàn ń wo àwọn òkúta náà bí ẹni tó ń kà wọ́n.

Ọkọ mi ní kí n mú òun dé ọ̀dọ̀ Régémù. Ó súnmọ́ etí rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èmi gbọ́, nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

"Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n pa wòlíì, kí ọmọ yìí tó la ẹnu?"

Ọwọ́ Régémù lọ síbi idà.

"Ẹ farabalẹ̀. Mi ò ní sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá lè rò ó, ẹlòmíì yóò rò ó. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ oko yẹn, kò sí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ yẹn. Ẹbí Hélésì ni ìdajì àwọn darandaran orí òkè. Ẹ pa á lónìí, wọ́n á máa béèrè láti òkè dé òkè títí ìbéèrè náà yóò fi dé Jerúsálẹ́mù. Ṣé ohun tí ọba fẹ́ nìyẹn?"

"Kí lo fẹ́ tà fún mi, bàbá arúgbó?"

"A ní ètò kan. Bí a bá rí òkú nínú pápá tí a kò mọ ẹni tó pa á, a máa ń fi okùn wọn ilẹ̀ dé àwọn abúlé tó yí i ká. Àwọn àgbààgbà èyí tó súnmọ́ ọn jù yóò mú abo ẹgbọrọ màlúù tí kò tíì ru àjàgà rí lọ sí àfonífojì tí omi rẹ̀ kì í gbẹ. Wọn yóò ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọn yóò wẹ ọwọ́ wọn lórí rẹ̀, wọn yóò búra níwájú Ọlọ́run pé àwọn kọ́, àwọn kò sì mọ̀. Nígbà tí àgbààgbà bá ti búra bẹ́ẹ̀, ta ni yóò dìde pè wọ́n ní òpùrọ́? Ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn."

Régémù wò ó títí. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n sọ fún mi pé ìwọ lo gbọ́n jù ní gbogbo àgbègbè yìí. Irú yín ni ọba ń wá." Ìbá sàn ká ní ó gbá ọkọ mi létí. "Ó dáa. Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ni yóò wẹ ọwọ́, ìwọ ni yóò sì kọ́kọ́ ṣe é."

"Ọmọ-ọmọ Ánúbù ńkọ́?" ni ọkọ mi béèrè.

"Ọmọ wo?" Ó fa ojú ro, bí ẹni tó ń rántí ewúrẹ́ kan tó tà nígbà kan. "Áà, ìyẹn. Ó ti wọ iná kí n tó kúrò ní Jerúsálẹ́mù."

*

Wọ́n na okùn. Nóbáì di orí kan mú, kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Háṣúmù ló súnmọ́ ọn jù. Nígbà tí wọ́n béèrè ẹni tó ní abo ẹgbọrọ màlúù tí kò tíì ru àjàgà, Ánúbù ló dáhùn pé òun ní. Ó fà á wá fúnra rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. Ìrètí ló wà níbẹ̀.

Nínú àfonífojì, omi ń ṣàn lórí òkúta bó ti máa ń ṣàn. Ẹran náà kò ké. Àlùfáà tó wà níbẹ̀ kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa, omi ló tẹjú mọ́. Àwa obìnrin dúró lókè etí bèbè. Hélésì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àmì okùn ṣì pupa lọ́wọ́ rẹ̀. Tírísà fara tì í.

Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀. Mi ò lè dì í mú níbẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ táràrà. Ó dúró ti ẹran náà fún ìgbà pípẹ́, títí Régémù fi wúkọ́ láti orí ẹṣin rẹ̀. Mo rí i tó yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí apá ọ̀dọ̀ wa, bí ẹni pé ó ń gbọ́ bí Hélésì ṣe ń mí. Ó wá tẹ̀ba, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi.

"Ọwọ́ wa kọ́ ló pa á," ó wí. Ohùn rẹ̀ já geere, ohùn tó fi ń dá ẹjọ́ lẹ́nubodè. "A kò mọ̀ nípa rẹ̀. A kò rí nǹkan kan."

Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ánúbù ló ṣe é gbẹ̀yìn, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó ń sunkún, ó sì ń yára bí ẹni tí nǹkan ń dúró dè nílé. Bí ó ti gòkè ló di aṣọ ọkọ mi mú.

"Élíásáfù, mo rí i tí o bá a sọ̀rọ̀. Ṣé ó sọ ìgbà tí yóò mú un wá?"

Ọkọ mi la ẹnu. Ó pa á dé.

"Ìyàwó mi ti tẹ́ ẹní rẹ̀," ni Ánúbù wí. "Ó tún fẹ́ kí n wá oyin."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn nínú àwa méjèèjì. Ó sáré lọ.

*

Hélésì wà láàyè. Tírísà bí ọkùnrin, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Títí Ánúbù fi kú ló máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó lọ sí Jerúsálẹ́mù láàárọ̀, ẹní kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n sọ fún un lẹ́yìn-ọ-rẹyìn. Kò gbà á gbọ́, nítorí ó ní Élíásáfù ìbá ti sọ fún òun.

Ọba ṣì wà lórí ìtẹ́ títí di òní tí mo ń sọ èyí. Ó ti darúgbó bíi tèmi. Iná Hínómù kò kú. Òjò ń rọ̀ lásìkò rẹ̀, oko ń so, àwọn kan sì ti ń sọ pé Pẹ̀dáyà purọ́.

Nígbà tí wọ́n fì ìtí àkọ́so níwájú Ọlọ́run lọ́dún yẹn, gbogbo abúlé yọ dòjé kúrò lára ògiri. Èmi náà gé, mo pa á, mo lọ̀ ọ́, mo sì fi yan búrẹ́dì. Mo gbé e síwájú ọkọ mi ní gbígbóná. Ó mú un, ó bù ú sí méjì, ó gbé e sí imú. Ó rọra gbé e padà sínú àwo.

"Ẹ jẹun, bàálé mi. Wọ́n ti fì ìtí náà."

"Àkókò rẹ̀ kò tíì tó," ó wí, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ aṣọ rẹ̀, ó nù wọ́n, ó tún nù wọ́n, bí ẹni pé omi àfonífojì yẹn kò tíì gbẹ lára wọn. Ọdọọdún ni mo gbé e síwájú rẹ̀ títí ó fi kú. Ọdọọdún ló dá mi lóhùn bẹ́ẹ̀.